Òṣómàáló Inú Ilé

Ilé tí mo kọ́kọ́ kọ́ ní Bọ́lọ́rundúró,
òṣómàáló ni.
Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà mi lópin oṣù,
ó ní òun ò ní dìde tí òun ò bá gbowó òun.
Owó epo jẹnẹrétọ̀, owó iná,
owó ọkọ̀ omi tó ń gun òkè
bí ẹni tí ikọ́ fée ń bá jà,
owó fáànù tó jó, òmíràn tún jó.
Owó olùkọ́ kékeré ni mo ń gbà.
Mo ń san án.
Kò dìde.

Èmi náà ni mo yàn án.
Mo rí i lára kàlẹ́ńdà kan lọ́dún náà lọ́hùn-ún:
gíláàsì gbàgàdà tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn,
sílìn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá wa dé fìlà,
òrùlé tí kò létí.
Ilé tí kò létí, báwo ni yóò ṣe gbọ́ pé òjò ń bọ̀?
Ẹ̀ẹ̀rùn dé, a di ẹ̀pà inú yanrìn gbígbóná.
Ọkọ mi a ká ẹní rẹ̀, a gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
a sùn síbẹ̀ bí àlejò
nínú ilé tó fowó ara rẹ̀ kọ́.

Bàbá mi, Fáṣèyítán, mọlémọlé ni.
Kì í pè é ní ilé, ulé ló ń pè é.
Kó tó fọkọ́ kan ilẹ̀,
a gbé àpótí, a jókòó sórí ilẹ̀ ọ̀hún
láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀,
kó lè mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé
àti ibi tó ń gbà jáde.
Èmi ọmọ ilé-ìwé, ojú a máa tì mí.
Mo rò pé ọ̀lẹ ní ń jókòó.

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì,
a fi ilé gíláàsì háyà fún báńkì ayánilówó kan,
kí òṣómàáló lọ máa bá òṣómàáló gbé.
A bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, yàrá méjì.
Mojírayọ̀ ló ya àwòrán rẹ̀,
ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.
Ó dé orí ilẹ̀, kò mú tépù jáde.
Ó ní, "Ìyá, ẹ bá mi wá àpótí ìjókòó."
Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo nu ojú mi.

Ó ní kí fèrèsé kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí wọ́n máa wo ara wọn.
Ó ní ilẹ̀ pupa tí a bá gbẹ́ níbẹ̀ ni ká fi ṣe bíríkì,
ká po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́ ọn, ká fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pa.
Kí etí òrùlé gùn bí etí fìlà abetí-ajá.
Igi obì tó wà níwọ̀ oòrùn, ẹ má gé e o,
òun ni yóò máa mú ilé yín tutù, kì í mu epo.

Ọkọ mi fárígá.
"Ilé amọ̀? Lọ́jọ́ ogbó mi?
Kí ni àwọn ẹgbẹ́ akọrin yóò wí?"

N kò ní purọ́, kò dínwó níbẹ̀rẹ̀.
Bíríkì náà wọ́n ju búlọ́ọ̀kù lọ,
nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ò pọ̀ mọ́.
A ṣì jẹ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lówó.
Pánẹ́ẹ̀lì oòrùn méjì péré lagbára wa ká:
gílóòbù mẹ́rin, rédíò,
fáànù kan tí a kì í sábà tàn.
Fíríìjì ṣì wà lọ́kàn wa.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ òjò àkọ́rọ̀,
tí omi ń ti orí páànù sáré wọ gọ́tà,
tó ń ti gọ́tà dà sínú tànkì,
mo nawọ́, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo.
Ọkọ mi ti wà níta pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.
Ó lóṣòó ti tànkì,
ó ń fi eegun ìka kàn án, kó, kó, kó,
bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn ajigbèsè.
Mo ní ẹ wọlé, òtútù ń mú.
Ó ní òun ò dìde.
Ó ní sánmà jẹ òun lówó omi ọgbọ̀n ọdún,
ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san án.